Ọkọ̀ Tí Qowiyyu Pè

Ọlọ́run fún Qowiyyu ní ọpọlọ, ó wá gbàgbé etí. Zulaikha ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé etí náà á hù tó bá yá.

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe ápù tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ ojú omi ní Efire. Ẹni tó bá dé èbúté á tẹ fóònù rẹ̀, fóònù á pe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó jókòó jẹ́ẹ́ sí yàrá iṣẹ́ wọn ní Àgọ́-Ìwòyè. Sáfà á rán ọlọ́kọ̀ kan jáde, á sì dá fóònù lóhùn pé òun ti rán an. Zulaikha ló kọ ti sáfà, Qowiyyu ló kọ ti fóònù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí omi a máa gbé ìpè lọ, kó má gbé èsì bọ̀. Sáfà á ti ṣiṣẹ́ tán, fóònù ò ní mọ̀.

"Jọ̀ọ́, fi àmì kan sára ìpè kọ̀ọ̀kan," ni Zulaikha bẹ̀ ẹ́. "Bí fóònù bá tún un pè, sáfà á rí àmì yẹn, á mọ̀ pé ìpè àkọ́kọ́ náà ni. Kò ní rán ọkọ̀ mìíràn."

"Ta ló ráyè àmì?" ni Qowiyyu dáhùn bí ọ̀gá. "Tí wọn ò bá ti dáhùn, kó máa pè lọ ni. Ṣebí báyìí náà la ṣe ń pe èèyàn."

Onímọ̀ ti sọ̀rọ̀. Zulaikha dákẹ́, Qowiyyu sì gbà pé òun ti borí.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì wọn nílé bàbá Zulaikha ní Efire. Qowiyyu àti àwọn ẹbí rẹ̀ gbéra láti Atikori, wọ́n dúró sí èbúté ní òdìkejì omi, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun báláú. Ọlọ́kọ̀ kan wà nítòsí tí wọn ìbá kàn fọwọ́ pè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ pè é, báwo ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á ṣe mọ̀ pé ọmọ wọn ti di onímọ̀ ẹ̀rọ? Qowiyyu ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó yọ fóònù. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìpè lọ, èsì ò bọ̀. Fóònù ṣe bí Qowiyyu, bàbá rẹ̀, ṣe kọ́ ọ: ó tún pè, ó tún pè, ó ń pè ṣáá bí ọmọdé tó fẹ́ àkàrà. Sáfà ní tiẹ̀ gbọ́ràn. Gbogbo ìpè ló rán ọkọ̀ sí.

Ẹni tó ń dẹ àwọ̀n fi àwọ̀n sílẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹja fi ẹja sílẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ Efire fi kún èbúté, olúkúlùkù ń búra pé òun gan-an ni wọ́n pè. Kí ìjà má bàa ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́, àwọn àgbà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Èèyàn tán, ọkọ̀ ò tán. Ọkọ̀ kan gbé iṣu nìkan.

Bí àwọn ará Efire ṣe rí wọn lókèèrè, wọ́n rò pé olóṣèlú kan ló ń bọ̀ wá tọrọ ìbò, àwọn kan tilẹ̀ ti na ọwọ́ sílẹ̀. Alhaji Rùfáì, bàbá Zulaikha, sáré jáde.

"Kí rè é?" ni ó ń bi wọ́n pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àna rẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. "Ọmọ yìí bu iyì fún mi! Ta ló ti kó gbogbo ọkọ̀ ìlú yìí jáde rí nítorí ìyàwó?"

Qowiyyu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin lẹ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo ṣètò rẹ̀ ni."

Zulaikha gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó ti rí gbogbo ìpè yẹn lórí fóònù tirẹ̀, ó sì ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lóòótọ́. Ó ti dárí àṣìṣe náà jì í kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n "mo ṣètò rẹ̀ ni" yìí dùn ún wọ egungun. Ọkọ tó bá ń fi àṣìṣe gba oríyìn, ìyàwó rẹ̀ láá máa tún un ṣe láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Wọ́n jókòó. Alfa bi í léèrè níwájú gbogbo èèyàn: "Zulaikha, ṣé o gbà láti fẹ́ Qowiyyu?"

Zulaikha ò fọhùn. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín músẹ́, Alfa náà mi orí. "Ìdákẹ́jẹ́ wúńdíá, gbígbà ni. Alhamdulillahi…"

"Ẹ dúró, Alfa, ẹ jọ̀ọ́. N ò tíì dáhùn. Kó kọ́kọ́ sọ fún Bàbá bí àwọn ọkọ̀ yẹn ṣe dé."

Gbogbo ojú yí sí Qowiyyu. Ọ̀rọ̀ kékeré ló kù: mo ṣì í, ó sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Zulaikha ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó sọ ọ́. Bó bá ti là á lẹ́nu báyìí, òun á gbà kó tó parí rẹ̀.

Qowiyyu tún fìlà rẹ̀ dé. "Ṣebí mo ti sọ ọ́, ètò ni. Bí wọ́n bá wá pọ̀ jù díẹ̀, ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in.

"Rárá, Alfa," ni Zulaikha wí.

Alfa rò pé òun ò gbọ́ dáadáa, ó tún bi í. Ó ní rárá. Bàbá rẹ̀ dìde, ó bi í. Ó ní rárá. Qowiyyu fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bi í, ó tún bi í, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó tún bi í.

"Ẹ bi mí títí ilẹ̀ á fi ṣú," ni Zulaikha wí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mo ti dáhùn."