Wákàtí Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Fóònù náà wà lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ wà níta, orin kan náà ni ó sì ti ń kọ láti ìgbà tí Signe Lahti ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Duane Pulkkinen, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti mọ orin náà débi pé ó ń fi pẹ́ńsù lù ú sára ife kọfí.

"Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ fìyà jẹ ènìyàn," Duane wí, "ṣé wọn ò lè yan orin mìíràn ni?"

"Wọ́n ní èmi ló kàn."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń kàn ọ́. Ìwọ àti gbèsè yìí ti gbé pọ̀ ju ìwọ àti ọkọ rẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí ó tó mọ ohun tí ó sọ. Ó wolẹ̀. Signe rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ojú má baà tì í, nítorí kò parọ́.

Nígbà tí Signe jáde ní yunifásítì, owó tí ó yá fi kàwé ti ju iye tí bàbá rẹ̀ fi ra ilé lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá sin ará ìlú, lábẹ́ ìjọba tàbí lábẹ́ àwọn tí kì í wá èrè, tí ó sì ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ yóò pa ìyókù rẹ́. Ọgọ́fà ìgbà ni yóò san án. Signe san án. Ó san án ní oṣù tí ìyá rẹ̀ kú. Ó san án ní oṣù tí Dale, ọkọ rẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Duluth. Dale ti ríṣẹ́ ní èbúté ibẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni kan sì ti fẹ́ gba Signe náà ní ìlọ́po owó tí ó ń gbà. Signe ní kí ó ṣe sùúrù, kí gbèsè tán ná. Dale ṣe sùúrù títí sùúrù fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Orin náà dákẹ́. Ohùn obìnrin kan wọlé láti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè náà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè wá, mà. Mo ti rí àwọn ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n pé. Ọdún mẹ́rin tó ṣáájú ni a ò lè kà."

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ́rìí sí i, mà. Iléeṣẹ́ yẹn ti kógbá sílé."

"Mo mọ̀ pé ó ti kógbá sílé. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kí ó kọ iye wákàtí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n wákàtí."

Signe ti oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mà? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé," Signe wí.

Nígbà tí ó pa fóònù náà, Duane ti gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ta ni ọ̀gá náà?"

"Verna Oberstar."

"Verna ti ẹ̀bá adágún?" Duane mí kanlẹ̀. "Arábìnrin, yáa lọ tún ọdún mẹ́rin náà ṣe."

Verna ni ó dá ilé ààbò sílẹ̀ ní Eveleth, fún àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù. Ibẹ̀ ni Signe ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Owó kì í tó. Ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo aago nígbà tí obìnrin bá dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹ̀jẹ̀ létè. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá yọjú ní Hibbing, ti bíbójú tó àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Signe gbà á. Ọjọ́ tí ó sọ ọ́, inú ilé ìdáná ilé ààbò náà ni wọ́n wà. Verna ń bó kárọ́ọ̀tì, kò sì gbójú sókè. Ó ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé yìí bá tì, kí o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló tì í."

Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́ tán, ilé náà tì. Láti ìgbà náà, bí Signe bá rí ẹ̀wù pupa Verna nínú ilé ìtajà, yóò yà sí ọ̀nà mìíràn láàárín àwọn pẹpẹ agolo oúnjẹ títí tí ìyá náà yóò fi jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi tètè wá ẹni tí yóò buwọ́ lu ọdún mẹ́rin náà. Ọdọọdún ni ó ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wa ọkọ̀ lọ sí apá Tower. Oṣù kọkànlá ni. Etí adágún náà ti dì, àárín rẹ̀ ṣì dúdú. Ilé Verna wà ní ìparí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan, kò sì sí ipa táyà lójú yìnyín àyàfi ti ọkọ̀ Signe.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó wọ ẹ̀wù òtútù nínú ilé. Ó wo Signe látòkè délẹ̀.

"Ṣé wọ́n rán ọ wá wò bóyá mo ti ń gbàgbé orúkọ ara mi ni?"

"Rárá, mà. Kì í ṣe ti iṣẹ́. Fún ara mi ni mo wá."

"Ó pẹ́ kí o tó wá fún ara rẹ. Wọlé, ooru ń jáde."

Kò sí ooru púpọ̀ tí yóò jáde. Ilé ìdáná nìkan ni iná ń jó. Àwọn yàrá yòókù tì, ó sì ti fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọn. Ojú òṣìṣẹ́ ni Signe fi rí gbogbo rẹ̀ kí ó tó lè dá ara rẹ̀ dúró: ife kan, àwo kan, àga kan tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àpótí igi ìdáná tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọ irú ilé báyìí. Kò tíì wọ ọ̀kan rí tí ó ti bẹ ẹni tó ni ín ní nǹkan.

Verna bu kọfí fún un. Signe sọ ohun tó bá a wá, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀. Verna fi awò wò ó díẹ̀díẹ̀.

"Wákàtí mélòó ni kí n kọ?"

"Èyí tó jẹ́ òótọ́."

"Òótọ́ ti ìwé owó oṣù rẹ, àbí òótọ́ ti ara rẹ?"

Signe ń yí ife kọfí náà lórí tábìlì.

"Bí mo bá kọ ogún," Verna wí, "ọdún mẹ́rin rẹ ti wọgbó. Bí mo bá kọ àádọ́ta, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé mo lo ọmọ ọlọ́mọ, n kò sanwó rẹ̀. Gbogbo ènìyàn níhìn-ín ló ń pè mí ní èèyàn rere, Signe. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù lọ́wọ́ mi."

"Àwa la gbà láti ṣe é. Ẹ kò fipá mú wa."

"N kò fipá mú yín. Mo kàn ń wò yín ni, títí ojú á fi tì yín láti lọ sílé."

Òótọ́ ni. Bí ó ti máa ń rí gan-an nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ jáde rí.

"Ẹ má kọ ọ́, mà," Signe wí. "Màá tún ọdún mẹ́rin ṣe."

"Ẹni ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Dale ńkọ́?"

"Ó ti fẹ́ ìyàwó. Ó wà ní Duluth."

"Karin, ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ó wà ní Bemidji. A ò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wa. Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, ó ní kí n wá máa gbé nítòsí òun. Mo ní gbèsè kò jẹ́."

Verna fọwọ́ nu ojú tábìlì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "O rò pé nítorí pé o lọ ni ilé náà ṣe tì."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa." Kò wo ojú Signe. "Báńkì ti sọ fún mi láti ìgbà ìkórè pé àwọn máa gba ilé náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń gbọ́únjẹ, mo ń gba àwọn obìnrin sílé, bí ẹni pé nǹkan kan á jábọ́ látọ̀run. Ìwọ wá sọ pé o ń lọ. Mo ti ń wá ẹni tí n ó bínú sí, o sì dúró síwájú mi."

Signe jókòó síbẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ara òun á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Inú ló ń bí i. Ó rántí gbogbo ìgbà tí ó ti yà kúrò lọ́nà nínú ilé ìtajà, tí ó ń ka orúkọ ara agolo ẹ̀wà tí kò fẹ́ rà.

Ó dìde. Ó jáde láìwọ ìbọ̀wọ́, ó lọ sí abà ẹ̀yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi. Ó kó o wọlé, ó padà, ó tún kó o. Nígbà tí àpótí náà kún, ó ń to ìyókù sí ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti pupa.

"Ó tó," Verna wí nígbẹ̀yìn. "N kò ní í dáná fún gbogbo ìlú."

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì. Verna ti kọ àádọ́ta sí i, ó sì ti buwọ́ lù ú. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

"Bí wọ́n bá wá bi mí léèrè, màá sọ fún wọn," ó ní. "Arúgbó ni mí. Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ ṣé, mà."

"Má dúpẹ́. Owó rẹ ni."

Signe fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Kò lọ sọ́dọ̀ Verna fún bí oṣù kan, nítorí ìbínú náà kò tètè lọ. Lẹ́yìn náà ó ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ra mílíìkì àti ẹyin lọ́wọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ilé ààbò náà. Verna á bú àwọn aṣòfin, á bú àwọn ará Minneapolis tó ń ra ilé ẹ̀bá adágún. Signe á gbọ́, á fọ àwo, á sì padà sílé sínú òkùnkùn ìrọ̀lẹ́.

Inú oṣù kẹrin ni ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Ẹtì ni, Duane kò wá síṣẹ́. Signe ṣí kọ̀ǹpútà láti wo nǹkan mìíràn, ó sì rí i pé iye tó jẹ ti di òfo. Ó tún un ṣí. Òfo ni. Ó wò yíká ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba àlejò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Signe lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwẹ̀, ó padà, ó ṣe iṣẹ́ tó kù títí àkókò fi tó láti máa lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó sọ fún Verna.

"Gbogbo rẹ̀ pátá?" Verna béèrè.

"Gbogbo rẹ̀."

Verna gé potica fún un, búrẹ́dì ayípo àwọn ìyá rẹ̀ tí kì í ṣe àfi ní ọdún Kérésì àti Àjíǹde. Ó gé e nípọn. "Kí ni àwọn ènìyàn rẹ wí?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí o ti sọ fún."

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

"Láti àná?"

Signe ní bẹ́ẹ̀ ni. Verna gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò bínú, kò sì ṣàánú rẹ̀. Ó kàn ń wò ó bí ó ti máa ń wo àwọn obìnrin tó bá dé ilé ààbò, kí ó tó béèrè orúkọ wọn.

"Mo rò pé gbèsè náà ló dè ọ́ mọ́lẹ̀," ó ní.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"Kí lo máa wá sọ fún Karin báyìí?"

Signe jẹ búrẹ́dì náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò wá, kí ló dé tí kò lọ, kí ló dé tí kò tún fẹ́ ọkọ, gbèsè ló máa ń bá a dáhùn. Wọ́n á mi orí, wọn kì í tún béèrè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Verna, ó fọ àwo, ó sì jáde.

Ní ìkóríta, ọ̀nà ilé wà lápá òsì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ agbégi kan fi fun fèrè fún un lẹ́yìn. Ó yà sí ọ̀tún, síhà ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà Bemidji. Ó ń wa ọkọ̀ lọ láàárín igbó páìnì, ó kọjá Grand Rapids, kò tan rédíò. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó ronú àtiyí padà.

Karin ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Ó ti fún irun rẹ̀ láyè láti funfun. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò, ojú rẹ̀ sì yípadà.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá." Signe dúró lórí àtẹ̀gùn, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú. Ó ti to ọ̀rọ̀ gbèsè náà lẹ́nu láti Grand Rapids, bí òun á ṣe sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Kò sọ ọ́. "N kò ní ìdí kankan. Mo kàn wá ni."

Karin fa aṣọ ìnuwọ́ náà kúrò léjìká. Ooru ilé náà ń bá òórùn àlùbọ́sà jáde sí wọn.

"Ṣé o máa sùn?"

"Bí àyè bá wà."

"Yàrá wa lókè kún fún pákó," Karin wí, ó sì ti ń yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n wọlé. A máa kó o kúrò."