Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Kọkàndínlógún

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Èjìgbò. Lẹ́yìn ìrun àsárì la máa ń bẹ̀rẹ̀. Kemísírì ni mo wá kọ́, nítorí láìsí i, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò ní gbà mí. Àyànníyì, tíṣà wa, tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, ló ń kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò kemísírì.

Ó kọ́ wa pé nọ́ńbà mẹ́rin la fi ń mọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wà nínú átọ́ọ̀mù. Àkọ́kọ́ dà bí agboolé, ìkejì bí ilé inú agboolé, tí a ń kà láti òdo, ìkẹta bí yàrá. Ìkẹrin, ìdajì lókè òdo tàbí ìdajì nísàlẹ̀ òdo, ń sọ apá tó ń yí sí. Ẹni méjì péré ni yàrá kan ń gbà, wọn ò sì gbọdọ̀ yí sí apá kan náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bi mí pé mélòó ni agboolé kẹta ń gbà. Mo ní ọgbọ̀n. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ni mo ka ilé mẹ́ta ibẹ̀: òní gan-an ni ọ̀kan. A kì í ka òdo nílé wa, nítorí náà ilé kìíní ni mo ti bẹ̀rẹ̀: yàrá mẹ́ta, márùn-ún, méje, ẹni méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Àyànníyì ní méjìdínlógún ni. "Màmá, àwọn méjìlá tó kù ńkọ́, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa sùn?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó fagi lé orúkọ mi, ó ní kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, pé ìyẹn ló bá ọjọ́ orí mi mu.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo padà lọ. Kí Àyànníyì tó jókòó, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Ilé òdo, yàrá kan. Ilé kìíní, mẹ́ta. Ilé kejì, márùn-ún. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́rin ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjìdínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí méjì tó bára mu.

Ó fi ìka kà wọ́n dé ìsàlẹ̀. Ó wá ní kí n sọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọkàndínlógún ti pọtásíọ́ọ̀mù ń gbé, ó sì rán mi létí pé yàrá márùn-ún ti ilé kejì ṣì ṣófo ní agboolé kẹta rẹ̀.

Mo kọ ọ́: mẹ́rin, òdo, òdo, ìdajì lókè òdo.

"Kí ló dé tó fi yàrá tó ṣófo sílẹ̀ lọ sí agboolé kẹrin?"

"Tíṣà, ibi tí kò ní gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá. Lóṣù kẹrin ọdún 2011 tí a sá fún ogun dé láti Àbíjàǹ, ẹni mọ́kànlá pẹ̀lú báàgì kan, yàrá márùn-ún ló ṣófo ní agboolé bàbá mi ní ìlú Ara. Ẹ̀gàn tó wà níbẹ̀ ju agbára mi lọ. Mo kọjá rẹ̀, mo lọ gbé yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ìlú. Ẹ ò lè fi yàrá tó ṣófo tàn mí."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àyànníyì ní ìdáhùn náà tọ̀nà, pé òun á ro ti orúkọ mi wò. Mo ní kó má wulẹ̀ rò ó. Ìwé orúkọ náà wà lórí tábìlì. Mo fà á sọ́dọ̀, mo mú bírò rẹ̀, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ èyí tó fagi lé: Nùsírátù Àbdùlláhì, kemísírì. Mo dá bírò rẹ̀ padà, mo sì lọ jókòó níwájú pátápátá.