Òwú Dúdú Méjì Létí Aṣọ Àlàmú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí àtiwọ iléèwé àwọn olùkọ́. Ní 1986, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara. Ní 1987, òjò ba ìwé ẹ̀rí mi jẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n sì dá mi padà. Ní 1988, wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni òpin.

Nínú fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ ọ́ pé akọ̀wé ni mí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú ni olórí àwọn tó ń bi wá ní ìbéèrè. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: weave ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, weben ti àwọn Jámánì, väva ti àwọn ará Swídìn. Ó ní ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní: kí èèyàn hun aṣọ. Ó wá kọ webaną sókè wọn, ó fi ìràwọ̀ kékeré síwájú rẹ̀. Ó ní òun ni baba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé kò sẹ́ni tó tíì rí i nínú ìwé kankan.

"Ta ló wá sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé pé ó wà rí?"

Àwọn méjì tó ṣáájú mi dáhùn pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.

Mo mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, irọ́ tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù á tú.

"Sà, ọ̀gá ahunṣọ kan wà l'Ọ̀yọ́ tó ń jẹ́ Àlàmú. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, aṣọ rẹ̀ kan ò sì ṣẹ́ kù. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, òun ló kọ́ mi. Ọ̀kan wà ní Ìrẹsà, ọ̀kan wà níbí. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọn ò ti fojú kan ara wọn. Síbẹ̀, òwú dúdú méjì ni kálukú wọn ń fi sí etí òsì aṣọ. Ahunṣọ mìíràn kì í ṣe é."

"O ti rí aṣọ Àlàmú rí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ bí etí rẹ̀ ṣe rí láti ara àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe mọ baba ọ̀rọ̀ yẹn láti ara àwọn ọmọ rẹ̀."

Ìyáàfin Martha, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bi wá ní ìbéèrè, tí fọ́ọ̀mù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. "Akọ̀wé wo ló mọ òwú tó báyìí?"

Mo jẹ́wọ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń hun òfì, pé iléèwé alẹ́ ni mo lọ, pé ojú ló tì mí.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú wo pátákó, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tí iṣẹ́ òfì ti mú le. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó tì í sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kálàmù tirẹ̀.

"Fagi lé akọ̀wé yẹn, Saifudeen. Kọ iṣẹ́ rẹ síbẹ̀, ká lè buwọ́ lù ú pé a ti gbà ọ́."

Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: AHUNṢỌ. Ojú mi ni wọ́n ṣe buwọ́ lù ú.