Ẹni Tó Wà Nídìí Tábìlì

Ìlà kẹta lẹ́tà náà ni ohùn Akọ̀wé ti há. Ó wúkọ́, ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ òun, ẹnì kan sì na ife omi sí i láti ìlà iwájú. Ó mu ún. Omi náà ò ran nǹkan kan.

"Ẹ máa kà á lọ," Alága ní. "Gbogbo wa là ń gbọ́."

Wọ́n ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó rọrùn tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kì í pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lọ, nítorí náà ìròyìn máa ń pọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ka tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn ti gba kọ̀ǹpútà tuntun méjì, ọ̀kan ò sì tàn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń tún ìwé tó ti ya ṣe máa wáyé lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ìkàwé àwọn ọmọdé lọ dáadáa, àfi pé òjò lé gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan nọ́ńbà kẹfà, tí Akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé ètò: Lẹ́tà ẹ̀sùn láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan.

Ó tún gbé bébà náà sókè.

"'Ìwé mẹ́ta ni mo yá,'" ó kà. "'Gbogbo wọn ló dá lórí bí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ṣe lè mọ ẹni tó bí i. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n gbà mí tọ́, mi ò sì sọ fún ìyá mi, nítorí mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́ tí kò fi ní dùn wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àmọ́ wọ́n lọ sí ilé ìkàwé yín, ẹni tó wà nídìí tábìlì sì sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n ti di ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyá mi ni mò ń wá, kí n máa lọ. Oṣù márùn-ún rèé, mi ò tíì padà síbẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni náà ni.'"

Ẹnì kan pòṣé. Fáànù òkè àjà ń yí, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

"Ilé ìkàwé wo ni?" obìnrin kan béèrè, bẹ́ẹ̀ Akọ̀wé ti kà á lókè lẹ́tà, gbogbo ọrùn sì ti yí síbi tí Màmá Káàdì jókòó sí.

Màmá Káàdì ni ọ̀gá ilé ìkàwé náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn àpótí káàdì tí wọ́n fi ń wá ìwé láyé àtijọ́ dà nù, ó lọ jókòó lé ọ̀kan lórí, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun dà nù ná. Látọjọ́ náà lorúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára. Ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Akọ̀wé wà lára wọn. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà. Oṣù méjì ló kù kí ìyá àgbà fẹ̀yìn tì.

Àwọn méjì péré ló sì máa ń jókòó nídìí tábìlì yẹn.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Akọ̀wé ò rí bẹ́ẹ̀. Òun tó ṣe é gan-an ni ò rí i gbàgbé. Ọjọ́bọ̀ ni, lọ́sàn-án, òjò ò jẹ́ kí òǹkàwé kankan wá. Obìnrin náà wọlé, ó ń gbọn omi dà nù lára, ó mú káàdì tí ọmọ rẹ̀ fi ń yá ìwé lọ́wọ́. Ó ní ọmọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, pé ìwé ló ń kà ṣáá, bí òun bá sì ti wọlé báyìí, á fi ìrọ̀rí bò ó. "Ẹ bá mi wo ohun tó ń kà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà, abiyamọ ni yín." Akọ̀wé náà ní ọmọbìnrin kan nílé tó ń dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àánú ṣe é. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ka ohun tó rí jáde. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí ohun tó ṣe.

"Màmá," Alága ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ ti gbọ́. Ta ló wà nídìí tábìlì?"

Akọ̀wé mọ̀ pé òun ló kàn. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Àmọ́ ó tẹjú mọ́ ìwé ètò.

Màmá Káàdì fọwọ́ ti àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀."

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn kan ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Alága lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Màmá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa pé ìwé téèyàn bá yá, àárín òun àti ìwé náà ló mọ?"

"Ohun tí mo kọ́ yín ò yí padà," Màmá Káàdì dáhùn. "Èmi ni mo yí padà lọ́jọ́ yẹn."

Alága ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́. Ó kà á bí ẹni ń ka ìwé òkú: ẹni tó bá tú àṣírí òǹkàwé, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ò sì ní bá a ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì kankan. "Òfin ò mọ bàbá, kò mọ ìyá," ó ní, àmọ́ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé tẹ orí ba. Ó kọ "Màmá," bírò sì dúró. Ó rántí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, tó gbàgbé fèrèsé ní ṣíṣí, tí omi òjò ba odindi pẹpẹ ìwé kan jẹ́. Màmá Káàdì ló sọ fún àwọn aláṣẹ pé òun lòun gbàgbé rẹ̀. Ó tún ti ń ṣe é. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún bo òun mọ́lẹ̀. Omijé lé ròrò sójú Akọ̀wé, kò sì mọ ìgbà tó dìde.

"Mi ò lè kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Nítorí irọ́ ni. Màmá ń gbẹ́rù mi rù ni. Èmi ni mo sọ fún obìnrin náà. Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ń rọ̀."

Ó dúró. Ó ń retí kí ìyá àgbà ní kó jókòó, kó dákẹ́, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Màmá Káàdì rọra yíjú sí i, ó sì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ìwọ náà?"

Alága pa ìwé òfin dé.

"Ọjọ́ Ajé ni tèmi," Màmá Káàdì ní. "Ó ń sunkún. Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa ìwé tọ́mọ òun ń yá, kí n ṣáà ti sọ pé kì í ṣe òótọ́. Mo rò pé ẹlẹ́nu kan níta ló sọ fún un. Mo wo inú kọ̀ǹpútà, mi ò sì lè purọ́ fún un." Ó wá jókòó. "Mi ò mọ̀ pé inú ilé wa ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Fún ọjọ́ mẹ́rin, obìnrin náà ti ń wá ẹni tó máa sọ fún òun pé kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

Ohùn náà wá láti ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan dìde, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, báàgì rẹ̀ wà láyà. Gbogbo wọn ti rò pé ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni.

"Mo rò pé ẹnì kan ni," ó ní. "Mo ti mọ bí mo ṣe máa wò ó." Ó wo Màmá Káàdì, ó wo Akọ̀wé, ó sì jáde.

Alága ní káwọn méjèèjì yẹ̀bá ná títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ Akọ̀wé, wọ́n gbé e fún igbákejì rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Káàdì, ó na ọwọ́ sí i. Ìyá àgbà ò rí ọwọ́ náà, tàbí kò fẹ́ rí i. Kò sẹ́ni tó bá Akọ̀wé gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ẹrù ara rẹ̀ nìyá àgbà rù, ó sì ti wúwo jù fún un.

Akọ̀wé bá ọmọbìnrin náà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́," Akọ̀wé ní. "Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ò tó o."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i. Ó ní, "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ fún wọn, Mà. Kí ni ìyá mi sọ?"

Akọ̀wé tún rí obìnrin náà, tó tẹ̀ síwájú, tó di etí tábìlì mú, tí kò bá òun sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé pákó tábìlì ló ń bá sọ ọ́: "Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí, ó sì ṣì ń pè mí ní Màmá." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Akọ̀wé ò tíì mọ̀ dòní bóyá ìbànújẹ́ ni àbí ìyanu.

Ọ̀rọ̀ náà gun orí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ó lè mú ọmọ padà sílé lónìí olónìí. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ti ọjọ́bọ̀ yẹn, àánú kan náà ló sì ń tì í jáde.

Ó pa ẹnu dé.

"Wọ́n sọ̀rọ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Àmọ́ tiwọn ni. Lọ bi wọ́n."

"Ṣé ọ̀rọ̀ burúkú ni?"

"Lọ bi wọ́n."

Ọmọbìnrin náà wò ó títí, bí ẹni tó fẹ́ bú u, bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì bọ́ sójú títì. Nígbà tó dé oríta, ó dúró. Ọ̀nà kan lọ sí ibùdókọ̀, èkejì wọ inú àdúgbò tí ilé ìyá rẹ̀ wà.

Akọ̀wé yí ojú sí ògiri, kó má baà mọ èyí tó yà sí.