Iyùn Iwájú Àga Daddy

"Kí ló dé tí kò la ẹnu mọ́?"

Màríyámọ̀ ló béèrè, bó ti ń sọ báàgì ata tó gbé ti ọjà Mile 12 dé kalẹ̀. Sherifdeen, ọmọ rẹ̀, gbọ́. Alhaji Shittu, ọkọ rẹ̀, náà gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a jókòó, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ iyùn inú òkun ló ń béèrè. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ o. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí òdòdó, á sì la ẹnu wẹẹrẹ tí iná bá tàn sí i. Ọ̀gá kan ní Gbàgádà tí Sherifdeen máa ń bá tọ́jú ẹja ló fún un, tòun ti àpótí gíláàsì rẹ̀ àti ẹja, ìgbín omi òun edé inú rẹ̀, nígbà tó ń kó lọ sókè òkun. Sherifdeen gbé e síwájú àga Daddy ní pálọ̀ wọn ní Alápẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan páìpù tó ń da omi padà sínú àpótí yọ, omi iyọ̀ ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Godwin, tó ń wé kọ́ìlì fáànù tó bá jó ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ló bá wọn dì í le, Màríyámọ̀ sì gbàdúrà fún un títí ó fi sá lọ.

Bí iyùn náà bá ti ń là, ẹ̀gbẹ́ ẹnu Daddy tó ṣì ń ṣiṣẹ́ á là pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín nìyẹn. Kò sí nǹkan mìíràn nílé tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí iyùn ti panu dé, ó ń funfun láti ìdí wá sókè, Daddy náà ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Oúnjẹ pàápàá, ó ti ń yí ojú kúrò níbẹ̀.

Ara Sherifdeen ò balẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹja ló kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ tó bá sì ta kókó kì í jẹ́ kó sùn. Ó wọn iyọ̀ inú omi: iyọ̀ pé. Ó wọn ooru rẹ̀: kò pọ̀ jù. Ó pààrọ̀ iná. Ó fòfin de oògùn ẹ̀fọn. Ó ní kí ìyá òun má fọwọ́ ata kan àpótí mọ́.

"Ata! Ata tó rán ẹ lọ yunifásítì?" ni Màríyámọ̀ wí. "Òun náà ló wá di apànìyàn?"

"Mummy, ẹ má bínú, mò ń wádìí ni."

"Máa wádìí lọ. Daddy rẹ ló ń gbẹ lójú mi yìí."

Ohun tó rú u lójú jù ni pé ẹja inú omi náà ń jẹun, wọ́n ń sáré kiri. Ìgbín omi ló kọ́kọ́ kú, edé tẹ̀lé e, kó tó kan iyùn. Kí ló ń pa ìgbín tí kì í pa ẹja? Lọ́sàn-án yẹn, níbi tó dojú bolẹ̀ níwájú gíláàsì bí ẹni ń tọrọ àforíjì, ó sọ sí i lọ́kàn: bàbà. Bàbà tó bá yòrò sínú omi, bó ti wù kó kéré mọ, ẹja lè fara dà á. Iyùn ò lè gbà á.

Ó dìde, ó wá a. Gíláàsì ni àpótí, ike ni páìpù, rọ́bà ni ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó fọwọ́ tú iyanrìn ìsàlẹ̀ omi, bóyá òrùka ẹnìkan já sí i. Kò sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Daddy, omi ń kán lápá rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́.

Godwin yọjú.

"Alhaji, ẹ kú ọ̀sán o. Ọ̀mọ̀wé, òkúta rẹ ò tíì yá? O ò ṣe ra àgbo fún un?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, èmi ò mọ̀ nípa òkúta. Ṣùgbọ́n wo páìpù mi! Látọjọ́ tí mo ti dì í, ṣé ó tún yọ? Iṣẹ́ Godwin kì í tú."

Sherifdeen gbójú sókè. Lórí àpótí níbẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ń kọjú sí lójoojúmọ́, wáyà bàbà tí Godwin tú lára kọ́ìlì fáànù lọ́ mọ́ ọrùn páìpù, ó ti di àwọ̀ ewé. Omi ń gba orí rẹ̀ kọjá, ó ń kán, tó, tó, sórí iyùn.