Ọmọ Tí Bàbá Rẹ̀ Ń Pè Ní Ẹ̀yin

Garawa oúnjẹ àgùntàn ṣì wà lọ́wọ́ Luned nígbà tó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá rẹ̀ ń bá ọmọbìnrin ará Cardiff yẹn sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì pè é ní ìwọ.

"Ìwọ náà wo ara rẹ," ni bàbá wí. "Jẹ búrẹ́dì yẹn sí i. O ti rù jù."

Luned dúró gbagidi. Omi òjò ń kán láti orí òrùlé sí i lọ́rùn, kò sún kúrò.

Emrys, bàbá rẹ̀, kì í dédé pe ènìyàn ní ìwọ. Ìwọ ni wọ́n ń pe ọmọ kékeré ní Llŷn, agbègbè wọn ní àríwá Wales, àwọn ìdílé kan sì wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti dàgbà, ẹ̀yin ni bàbá pàápàá yóò máa pè é. Ṣùgbọ́n Luned kò tíì dàgbà nígbà tirẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n sin ìyá lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bàbá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bàtà mi," ó ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ìwọ mọ́. Irun Luned ti funfun báyìí. Kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ojú ìyá òun ni bàbá ń rí lára òun, tí kò sì fẹ́ rí i.

Kí wá ni ọmọ yìí ṣe láàárín oṣù méjì péré?

Annest ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó ní òun ń kàwé ní yunifásítì, pé èdè àti àṣà àwọn Kẹ́lítì ni òun ń kọ́: ti Wales níbí, ti Ireland, ti Scotland, ti Brittany. Ó ní òun ń wá àgbàlagbà tí òun lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ yín bí a ṣe ń pe àgùntàn?" ni Luned bi í.

"Mẹ́rin ni, mà. A máa lo ọdún kan ní Ireland."

Emrys rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Luned kò rẹ́rìn-ín. Èdè ọmọ náà ti mọ́ jù, ó gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Luned kúrò nílé ìwé láìpé ọjọ́, ohun tó mọ̀, òun ló fúnra rẹ̀ kà á, ó sì ti rí i pé ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ dáadáa, nǹkan ló ń wá. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́.

Lánàá ló wá mọ ohun tí ọmọ náà ń wá. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó ní, "Mo ń rò ó pé kí ọmọ Cardiff yẹn máa gbé ilé ìsàlẹ̀."

Ilé ìsàlẹ̀! Ilé kékeré tó wà létí pápá, tí Deiniol, ọmọ Luned, ń fojú sí láti Liverpool. Deiniol fẹ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sílé. Kò sí ilé mìíràn lábúlé náà tó lè gbà. Àwọn tó ń wá wo òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ra gbogbo rẹ̀, wọ́n a sì tì í pa títí òtútù á fi lọ. Bí ilé ìsàlẹ̀ bá lọ, Deiniol kò ní padà mọ́. Ó ti pẹ́ tí Luned ti ń dúró kí bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí Deiniol máa bọ̀. Ẹlòmíràn ló wá dárúkọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Luned gbé garawa sílẹ̀, ó wọlé.

"Ẹ ti dé," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ yí padà kíá, bí ohùn ẹni tí pásítọ̀ ká mọ́ ibi eré.

"Wọ kóòtù rẹ," ni Luned sọ fún ọmọbìnrin náà. "Mo máa gbé ọ dé ìdí bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì ò tíì yá, mà."

"Òjò ń rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó mu tíì rẹ̀ tán," ni Emrys wí.

"Ó ti mu ún tó."

Òun náà pe Annest ní ìwọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ajá tó jí ẹran ni. Ọmọ náà wọ kóòtù. Emrys ń wo Luned láti orí àga.

Ọ̀nà náà há, ẹrẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Luned kò tíì wa mọ́tò jáde ní gbàgede tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Kí lo ṣe tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní ìwọ?"

"Bí wọ́n ṣe ń pe Mot náà nìyẹn, mà." Mot ni ajá wọn.

"Mi ò bá ọ ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nílé ìwé ni: ta ló ń pe ta ní ìwọ, ta ló ń pe ta ní ẹ̀yin. Mo bi Bàbá. Wọ́n ní ajá ni àwọn ń pè ní ìwọ, àti àgùntàn, àti Ọlọ́run, àti ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní èmi wà láàárín àgùntàn àti Ọlọ́run, àmọ́ pé ọ̀dọ̀ àgùntàn ni mo sún mọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Luned, ó gbé e mì.

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wo?"

"Má sọ mí dòmùgọ̀. Ilé ìsàlẹ̀."

"Wọ́n ní kí n máa gbé ibẹ̀, torí pé ó ṣófo. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi yín. Wọ́n ní..."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní ẹ̀rù yín ń ba àwọn."

Luned tẹ bíréèkì. Mọ́tò náà yọ̀ díẹ̀ kó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta.

"Irọ́ lo ń pa."

"Mo bi wọ́n léèrè ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń pè yín. Wọ́n sọ fún mi. Ìyípadà tó wáyé nínú àjọṣe..."

"Dúró ná." Luned yí sí i. "Gbé èdè ìwé yẹn sílẹ̀. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Annest kọjú sí gíláàsì iwájú mọ́tò. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀. Ó ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, bí Emrys ṣe máa ń hà á bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dùn ún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ti ya.

"'Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, ilé kún. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ọmọ náà fa àpótí ápù wá, ó gùn ún, ó gbé kẹ́tùlù. Ó bu tíì fún pásítọ̀. Ó bu ún fún gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó gbé tèmi wá, ó ní, Bàbá, ẹ mu ún, ó ń tutù lọ. Báwo ni n ó ṣe máa pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìwọ? Rŵan, ó ti pẹ́ jù láti yí i padà.'"

Rŵan ni wọ́n ń pe nísinsìnyí ní Llŷn. Àwọn ará gúúsù, bíi ti Cardiff, a máa kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n a ní nawr, nawr náà ló sì wà lẹ́nu ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn nìkan kò tó láti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Luned fúnra rẹ̀ ti gbàgbé àpótí ápù náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bó ṣe ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Luned tún wa mọ́tò lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì náà sì dé. Annest gbé báàgì rẹ̀.

"Tó o bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Luned wí, kò wò ó, "wá bàtà gidi wọ̀. Eléyìí ò ṣeé rìn nínú ẹrẹ̀."

Nígbà tó padà délé, bàbá ṣì wà níbi tó fi í sí. Luned kò bọ́ kóòtù.

"Bàbá, Deiniol fẹ́ padà wálé. Ilé ìsàlẹ̀ ló fẹ́."

Arúgbó náà gbójú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ sọ fún mi rí," ni ó wí.

Luned fẹ́ dáhùn pé bàbá náà kò béèrè rí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó rí ọwọ́ bàbá, bó ṣe di etí tábìlì mú. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ìbínú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojú ẹni tó ń rí ìyá lára ọmọ. Ọkùnrin náà ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà tó fẹ́ dájọ́, ó ń retí ohun tí yóò sọ.