Ọwọ́ Aláró

Lẹ́tà méjì ló wà lórí tábìlì Tíṣà Ẹ̀bùnọlá. Ọ̀kan gùn, èkejì kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Àkíbù kò tíì jókòó tó fi mọ̀ pé èyí tó kúrú ni tòun.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba Olúsànyà," ni tíṣà wí. "Ìtàn ìyá aláró tó kọ dùn mọ́ wọn. Wọn ò gbà ọ́. Wọ́n ní o jí tirẹ̀ kọ."

Ní gbogbo àdúgbò Bẹyẹrunkà, ta ni kò mọ Àkíbù tó ń báni kọ lẹ́tà? Òun ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kùmásí ń wá bá, òun ni bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ń wá bá. Àwọn tó bá ka lẹ́tà rẹ̀ lókèèrè a máa sunkún. Ohun tí wọ́n sì fi fọkàn tán an jù ni pé kì í sọ ohun tí wọ́n bá ní kó kọ, kì í tilẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá tó bí i.

Ó ti ro ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì títí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Èkó ńkọ́? Kò lẹ́ni tí yóò gbà á sílé níbẹ̀. Ti àwọn ìjọ, ènìyàn mẹ́wàá péré ni wọ́n ń mú lọ́dún, ọmọ tó ti ṣèrìbọmi ni wọ́n sì fẹ́. Ọmọ ilé mùsùlùmí ni Àkíbù. Ọ̀nà kan ló kù: kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìtàn náà bá wọ olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì lára, ó lè gbójú fo ìyókù.

Ó pẹ́ kí Àkíbù tó gbọ́ èyí. Kó tó gbọ́ ọ, ó ti kọ ti Olúsànyà, ọmọ pásítọ̀, tó wá bẹ̀ ẹ́ pé òun ò mọ ohun tí òun ó kọ. Kí ló wá kọ fún un? Kúlúsúmù, ìyá Àkíbù fúnra rẹ̀, tó ń rẹ aró. Ó kọ nípa àárọ̀ tí ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ wá síléèwé, tó ń kí òyìnbó, tó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn nítorí aró tó ti mú wọn dúdú. Olúsànyà dà á kọ. Nígbà tó wá kan Àkíbù, ó jókòó, ó wá ìtàn mìíràn tì. Ìyá kan ló ní, ayé kan ló ní. Ó yí ọ̀rọ̀ padà díẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

"Mo mọ ìyàwó pásítọ̀," ni tíṣà tún wí jẹ́jẹ́. "Mi ò rí aró lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyá ta ni aláró, Àkíbù?"

Bó bá sọ òótọ́, wọn yóò lé Olúsànyà, wọn ò sì ní torí ìyẹn mú òun tó bá a kọ ọ́. Bẹyẹrunkà yóò sì gbọ́ pé Àkíbù ń tú àṣírí lẹ́tà. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

"Ìyá Olúsànyà ni, sà."

Nílé, Kúlúsúmù ń sá aṣọ. Àkíbù sọ fún un pé wọn ò gba òun. Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àbí o sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi fún wọn ni?"

"Mo sọ ọ́, ìyá mi. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀."

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín, kò gbà á gbọ́. "Wọ́n ṣeun. Bó o bá tún kọ̀wé sí wọn, bá mi kí wọn."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Olúsànyà fi dé pẹ̀lú ìwé funfun lọ́wọ́. Kò lè wo Àkíbù lójú. Ó ní olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè ìyá aláró, pé kí òun tún kọ̀wé nípa rẹ̀, kí òun sì máa kọ ọ́ lóṣooṣù tí òun bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àkíbù wo ìta, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ká aṣọ. Ó fa àpótí kan fún Olúsànyà láti jókòó, ó ki kálàmù bọ tàdáwà, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Sà, ìyá mi ní kí n kí yín."